Owó Tí À Ń Fi Kọ́ Gbọ̀ngàn, Ẹ Jẹ́ Ká Fi Dá Òwò Sílẹ̀

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Maṣíìnì ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta, jẹnẹrétọ̀ kékeré àti ọ̀kadà á tò lọ rẹrẹ nínú pápá, wọ́n á lẹ àwòrán olóṣèlú mọ́ wọn lára, wọ́n á pe orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ fún, gbogbo wa á sì máa pè é ní ìrónilágbára. N kò bú ẹni tó gbà á. Ìnira tó bá mẹ̀kúnnù láti ìgbà tí owó bẹntiróòlù ti fò sókè ní 2023 kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè kọ ohun tí wọ́n bá nà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Bí a bá fún obìnrin kan ní maṣíìnì ní àdúgbò tí télọ̀ ti pọ̀ ju aṣọ tí wọ́n ń rí rán lọ, a kò fi oníbàárà kankan kún ti tẹ́lẹ̀. Ṣe la kàn tún ìwọ̀nba tó wà pín sí wẹ́wẹ́. Ohun tó wọ́n ní ìlú méjèèjì yìí kì í ṣe irinṣẹ́, kì í sì í ṣe ọgbọ́n iṣẹ́. Ohun tó wọ́n ni òwò tó jẹ́ ti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra wọn, òwò tó lè kó ọjà wọn jọ, tó lè tún un ṣe títí yóò fi níye lórí, tó lè dúró de iye tó tọ́, tó sì lè mú èrè padà wálé. Irú òwò bẹ́ẹ̀ ló lè mú ìlú dá dúró, owó tí a ó sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kajú. Láàrin oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ọdọọdún, kò sí ọ̀nà oko kan ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ téèyàn ò ní bá àpò kóró kajú pàdé. Àwọn oníṣòwò mọ kajú ibẹ̀ sí èyí tí kóró rẹ̀ tóbi, wọ́n sì ń wá a. Àgbẹ̀ á ṣa á, á sá a, á tà á fún alágbàtà. Alágbàtà á tà á fún ẹni tó jù ú lọ. Ọkọ̀ á gbé e dé èbúté Èkó, ọkọ̀ ojú omi á sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ sí Vietnam tàbí Íńdíà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ooru omi sè é, tí wọ́n ń pa á, tí wọ́n ń bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara rẹ̀, tí wọ́n ń ya odindi sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó fọ́. Kìlógíráàmù 4 sí 5 kóró tí a kò tíì pa ló ń mú kìlógíráàmù 1 ọmọ inú rẹ̀ wá. Èèpo tó kù kì í ṣe pàǹtírí: òróró inú rẹ̀, tó máa ń jó èèyàn lọ́wọ́, ni àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń ṣe ọ̀dà àti búréèkì ọkọ̀. Èso rẹ̀ tí omi kún inú rẹ̀, inú oko ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń jẹrà sí. Nígbà tí àpò kan bá ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ láìpa, kì í ṣe kóró nìkan ló lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin àti ọ̀dọ́ ló bá a lọ. Pípa kajú kì í sì í ṣe ohun tí apá wa kò ká. Ní Ìlọrin, tí kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́ rárá, ilé-iṣẹ́ Olam ti fi hàn pé a lè pa kajú nílé, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó gbà síṣẹ́. Côte d'Ivoire, tó ń kórè kajú ju orílẹ̀-èdè yòówù lọ láyé, ti ń fi owó ìjọba ti àwọn tó ń pa kajú nílé lẹ́yìn, iye tí wọ́n ń pa níbẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

Kí ló dé tí àgbẹ̀ fi ń tà á bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Owó ilé-ìwé ọmọ ń bẹ nílẹ̀, gbèsè oògùn ń bẹ nílẹ̀, ẹlòmíràn sì ti gbowó lọ́wọ́ alágbàtà kí igi tó yọ òdòdó, nítorí náà iye tí alágbàtà bá pè ló máa gbà. Àpò méjì tàbí mẹ́ta kò lè kún ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè ra ìwọ̀n tó péye àti ẹ̀rọ tó ń sọ bí ọ̀rinrin ṣe pọ̀ tó nínú kóró, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò mọ bí ọjà rẹ̀ ṣe dára tó kò ní ẹnu tí yóò fi dúnàádúrà. Gbogbo àléébù yìí, àdánìkanṣe ló bí wọn. Bí igba àgbẹ̀ bá ní àká kan, ìwọ̀n kan àti owó díẹ̀ tí wọ́n lè fi san ìdajì fún ẹni tó bá kó ọjà wá lọ́jọ́ tó kó o wá, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn náà lè dúró. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í pa á fúnra wọn.

Ní ìlú Ọ̀yọ́, ọgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n ń tà ju èso oko lọ. Ìlú tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀ dó lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ni àwọn afíngbá, àwọn oníṣẹ́ awọ, àwọn tó ń kan dùndún àti gángan àti àwọn ahunṣọ òfì gbé kóra jọ, ìdílé wọn sì ń ṣe iṣẹ́ náà títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rà á ti yí padà. Nígbà tí abọ́ ike àti ti alumíníọ̀mù ti gba ilé ìdáná, igbá fínfín di ohun ẹ̀ṣọ́, ohun ẹ̀bùn àti ohun ìgbéyàwó. Oníbàárà kì í ṣe aládùúgbò mọ́, ẹni tó wà ní Èkó, Lọ́ńdọ̀nù, Atlanta tàbí Bahia ni. Oníbàárà yìí fẹ́ kí igbá 50 dọ́gba, kí wọ́n dé lọ́jọ́ tí a dá, kí wọ́n má fọ́ lọ́nà, kó sì lè sanwó láti orí fóònù rẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ ọgbọ́n igbá fífín nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Ẹni tó mọ igbá fín jù lọ láyé lè má mọ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, kò sì yẹ kí a dá a lẹ́bi. Nítorí náà ẹni tó ní fóònù, tó mọ ọ̀nà Èkó, á wá ra igbá lọ́pọ̀, á sì jẹ èrè tó pọ̀ ju ti ẹni tó fín in lọ. Ní oṣù kejìlá 2023, àjọ UNESCO kọ ọdún Ṣàngó Ọ̀yọ́ mọ́ àwọn àṣà tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò. Iyì ńlá ni. Àwọn àlejò á máa wá láti òkèèrè, owó á sì wà lọ́wọ́ wọn. Bí kò bá sí ilé ìtajà kan tó jẹ́ ti àwọn oníṣọ̀nà fúnra wọn, tí iye ọjà wà lára rẹ̀, tí wọ́n ti ń di ọjà ránṣẹ́ sókè òkun, ìyìn nìkan ni àwọn àlejò yóò fún wọn kí wọ́n tó lọ.

Òwò atúnlùúṣe ni mò ń pe irú ilé-iṣẹ́ yìí. Ó ń rà, ó ń tà, ó ń jèrè, ó ń san owó orí; bí kò bá jèrè, yóò kógbá sílé bí òwò yòókù. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tàbí ará ìlú ló ni ín, ohun tí wọ́n bá sì fi èrè ṣe ti wà nínú ìwé òfin rẹ̀: apá kan fún àwọn tó kó ọjà wá, apá kan láti fẹ òwò lójú, apá kan fún kíkọ́ ọmọ iṣẹ́. Òfin wa fi àyè sílẹ̀ fún un. A lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, a sì lè lo òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020, tó fàyè gba ilé-iṣẹ́ tí kì í pín èrè rẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ òyìnbó la ti máa kọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Samuel Johnson, tó ṣe pásítọ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́ títí tó fi kú ní 1901, ti ṣàlàyé èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Trinidad, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní susu títí di òní. Nígbà tó bá sì kan kí ọmọ ìlú da owó pọ̀ fún ìlú, ìlú wo la fẹ́ fi ṣáájú Ògbómọ̀ṣọ́? Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti ṣòwò dé Jos, Kano, Tamale àti Abidjan, ibikíbi tí wọ́n bá sì dé ni wọ́n ti ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Owó àti ìṣọ̀kan ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí wọ́n ń pè ní Ògbómọ̀ṣọ́ Parapọ̀ wà lára ohun tó gbé Ògbómọ̀ṣọ́ Grammar School dìde ní 1952. Gbọ̀ngàn ìlú, ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àjọdá owó ti kọ́. Mo bu ọlá fún gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ohun tí a bá kọ́ tán ni yóò máa béèrè owó àtúnṣe lọ́wọ́ wa lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni kò ní fi iṣẹ́ lé ọ̀pọ̀ ọmọ wa lọ́wọ́.

Ìtàn ti kọ́ wa ní ewu tó wà nínú kí ọrọ̀ ìlú máa gbé ìdálẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ jáde láàrin ọ̀sẹ̀ 2. Àwọn Yorùbá tó ti di gbajúmọ̀ ní ọjà Tamale àti Accra, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí, fi ṣọ́ọ̀bù, ilé àti ọjà tí wọ́n ti tà láwìn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn dé ìlú tí kò sí iṣẹ́ kankan tó ń dúró dè wọ́n. Irú ewu kan náà wà nínú kí ìlú gbára lé ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ṣoṣo. Nígbà tí LAUTECH, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, wà ní títì fún oṣù gbọọrọ ní 2016 àti 2017, torí àríyànjiyàn lórí owó láàrin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun tó jọ ni ín nígbà náà, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló jìyà. Onílé, olóúnjẹ, ọlọ́kadà, ẹni tó ń tẹ̀wé fún akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo wọn ni ọjà kú fún. Ìlú tó ní ilé-iṣẹ́ kéékèèké mẹ́wàá tó jẹ́ tirẹ̀ kò ní ṣubú bẹ́ẹ̀ nítorí ìjà àwọn gómìnà méjì.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ohun tí mò ń wí jù lọ wà ní Gujarat, ní Íńdíà. Ní 1946, àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́ran ọ̀sìn agbègbè Kaira rí i pé oníṣòwò tó ń ra wàrà wọn ń rẹ́ wọn jẹ, ni wọ́n bá kọ̀, wọn kò ta wàrà fún un mọ́. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní abúlé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wọn wàrà lójú ẹni tó gbé e wá, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n ń yẹ ọ̀rá inú rẹ̀ wò, wọ́n sì ń fi ìyẹn sanwó. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ tiwọn. Orúkọ tí wọ́n fi ń tà á ni Amul, ìdílé tó ju mílíọ̀nù 3 lọ ló sì jọ ni ín lónìí. Ní Fáṣọlá, nítòsí Ọ̀yọ́, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mílíìkì Peak ti ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní darandaran. Iṣẹ́ tó dára ni, ó mú ọjà tó dájú wá fún wọn. Síbẹ̀, owó wàrà ni ẹni tó ń tà á ń gbà. Ilé-iṣẹ́, orúkọ orí agolo àti èrè tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn. Àgbẹ̀ Kaira ń gba owó wàrà, ó sì ń gba èrè.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ sọ: pé Yorùbá kò lè jọ ni nǹkan, pé akápò yóò kówó jẹ, pé alájẹṣẹ́kù mélòó ló ti fọ́. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, ó sì yẹ kí a fi òótọ́ dá a lóhùn. Ìjọba amúnisìn ṣòfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní 1935. Ní 1953, àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa ti lágbára débi pé wọ́n dá báńkì tiwọn sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Co-operative Bank. Báńkì yẹn ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà kí 2005 tó parí, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ mẹ́rin mìíràn di Skye Bank ní 2006. Ní 2018 wọ́n gba ìwé àṣẹ Skye náà. Bí mo ṣe rí i, báńkì yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ kó tó bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Nígbà tí òwò bá ti tóbi ju ohun tí àwọn tó ni ín lè máa bójú tó lọ, tí ìjókòó orí àga ìgbìmọ̀ bá ti di ti àwọn ọlọ́lá tí kò kórè ohunkóhun rí, òwò náà ti di ti ẹlòmíràn. Ẹ sì wo èsúsú tó wà ní Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ àti ní ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí. Wọn kò lọ́fíìsì, wọn kò ní lọ́yà, bẹ́ẹ̀ owó ń yí lọ́wọ́ wọn lóṣooṣù. Ohun tó gbé wọn ró ni pé wọ́n mọ ara wọn, iye tí kálukú dá kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó kàn sì hàn kedere. Ìlànà yìí náà ló yẹ kí òwò atúnlùúṣe fi bẹ̀rẹ̀: kó kéré, kí wọ́n máa ka ìwé owó sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lóṣooṣù, kí aṣírò-owó tí kì í ṣe ìbátan ẹnikẹ́ni máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún, kí olóyè tàbí olóṣèlú má ṣe alága. Lórí èyí tó kẹ́yìn yìí, n kò ní gba àdéhùn kankan.

Àwọn mìíràn gbà pé àánú àti èrè kò lè jọ gbé inú ilé kan: bí ilé-iṣẹ́ bá ń wá èrè, yóò gbàgbé aláìní, bí ó bá sì ń ṣàánú, yóò jẹ gbèsè. Ohun tó wà nílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò jẹ́rìí sí i. Ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi tí Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ ní 1907 ń gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ aláìsàn, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti ń tọ́jú olówó àti tálákà. Òun náà ló di ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Bowen lónìí. Ní Òṣogbo, Nike Òkúndayé dá ilé ẹ̀kọ́ ọnà sílẹ̀ ní 1983, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ àti iṣẹ́ ọnà láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn; iṣẹ́ ọnà tó ń tà ló sì fi ń gbé ilé náà ró. Kò dúró de owó ìrànwọ́ ìjọba kó tó ṣílẹ̀kùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, tí àwọn kan nínú wọn sì ti di ọ̀gá fún ẹlòmíràn. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ fi kún ohun tó ṣe ni pé kí irú ilé bẹ́ẹ̀ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀bùn àti orúkọ ẹnì kan; kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jọ ni ín, kó lè wà lẹ́yìn ẹni tó dá a sílẹ̀.

Ní ti ìjọba, n kò sọ pé kó káwọ́ gbera. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún gbọọrọ jẹ́ gbèsè tí Àbújá jẹ wá, kò sì sí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó lè san án. Iná mànàmáná ńkọ́? Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sè kajú, tí wọ́n fi ń gbẹ ẹ́, nílò ooru tó dúró, èèpo kajú fúnra rẹ̀ sì ṣeé dá iná, síbẹ̀ ìyẹn kò mú kí iná ìjọba di ohun tí a lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Akẹ̀sán. Nígbà tí iná jó ọjà yẹn ní oṣù kìíní 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ tún un kọ́, ó sì kọ́ ọ dáadáa. Ṣọ́ọ̀bù ni ìjọba lè kọ́. Ọjà tó jóná, gbèsè tó wà lórí rẹ̀, oníbàárà tó ti yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ti oníṣòwò ni wọ́n. Ẹgbẹ́ tó ní owó ààbò tirẹ̀ ló lè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dìde láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ìjọba tó bá sì fẹ́ ṣe ìrónilágbára tòótọ́, kó ra igbá, awọ àti kajú tí a ti pa lọ́wọ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń wá ẹ̀bùn fún àlejò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin Ògbómọ̀ṣọ́ Parapọ̀, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ nílé lóko, títí dé àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ dá owó, ẹ ya ìdá kan nínú mẹ́wàá sọ́tọ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó jẹ́ fún àká kajú kan, ìwọ̀n kan àti owó tí wọn yóò máa san fún àgbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, kí ó jẹ́ fún ilé ìtajà kan tó jẹ́ ti àwọn afíngbá, àwọn oníṣẹ́ awọ àti àwọn ahunṣọ, tí ọ̀dọ́ méjì tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì yóò máa gba owó oṣù níbẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ LAUTECH pé kí wọ́n bá yín ṣe ẹ̀rọ ìpakajú tí kò ní jó ọwọ́ obìnrin. Ẹ lọ bá Yunifásítì Ajayi Crowther kí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó máa wá kọ́ àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́. Federal College of Education (Special) tó wà ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, mọ bí a ṣe ń kọ́ adití àti afọ́jú; ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ awọ àti aṣọ òfì gbà wọ́n síṣẹ́ pẹ̀lú owó tó péye. Ẹ fún òwò méjèèjì ní ọdún mẹ́ta, kí ẹ sì ka ìwé owó wọn sétí gbogbo ayé. Oṣù kejì ni ìkórè kajú tó ń bọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí kí ọdún yìí tó parí.